Ìgbìmọ̀ Tí Yóò Máa Bá Ìlú Wo Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ọdún ìbílẹ̀ ní Ìfọ̀nyìn (Ifangni)

   

Gbogbo ẹni tó jókòó síbí ló mọ̀ pé ọdún kì í ṣàdédé dé. Kí ìlù tó dún ní gbàgede, ẹnìkan ti sá awọ sóòrùn. Kí ẹgbẹ́ tó wọ aṣọ kan náà, wọ́n ti ń dá owó jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí yóò se oúnjẹ àlejò ti ka orí ènìyàn, ó ti mọ iye ìkòkò, ó ti bá ẹni tí yóò gbé igi wá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti jókòó, wọ́n ti bi ara wọn léèrè: bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Bí àlejò bá pọ̀ ju ti èṣí lọ ńkọ́? Ohun tí Yorùbá ń pè ní ètò nìyẹn. Ìlú tó mọ bí a ti ń ṣètò ọjọ́ ayẹyẹ báyìí, ta ló ń bá a ṣètò ogún ọdún tó ń bọ̀? Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ òní dá lé nìyẹn.

Ìlú tó ń jẹun lẹ́nu ibodè

Kọ́múnù Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, jẹ́ ọ̀kan nínú kọ́múnù 5 tó wà ní ẹkùn Plateau, pẹ̀lú Adja-Ouèrè, Kétu, Pobè àti Ṣákẹ́tẹ́. Ó ní ẹ̀ka 6: Banigbé, Daagbé, Ifangni, Ko-Koumolou, Lagbè àti Tchaada. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 110,000. Láti ọdún náà wá, ọmọ ti bímọ.

Ibodè Igolo wà níhìn-ín. Ìdírókò wà lódì kejì, ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ẹ̀gbọ́n níhìn-ín tó sì ní àbúrò lọ́hùn-ún. Òyìnbó Faransé àti òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló fa ààlà sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n ààlà náà ti di ọjà, ó ti di iṣẹ́, ó ti di owó iléèwé ọmọ. Gàrí àti epo pupa ń kọjá, tòmátì àti ọ̀pẹ̀yìnbó ń kọjá. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní kpayo ń bọ̀ láti apá kejì, pẹ̀lú ohun èlò ilé lóríṣiríṣi. Onízẹ́mí ń gbé èrò, alágbàrù ń ru ẹrù, obìnrin tó ń ta ìrẹsì sísè ń bọ́ gbogbo wọn.

Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà kò sí lọ́wọ́ Ìfọ̀nyìn.

Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti gbogbo ibodè orí ilẹ̀ pa. Ó di ọdún 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn àgbà tó wà níbí kò tíì gbàgbé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ilẹ̀kùn tún tì. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì àti ẹrù fàyàwọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ibodè 4 ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ti Sẹ̀mẹ̀ wà níbẹ̀, ti Ìdírókò kò sí níbẹ̀. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó dárúkọ Ìdírókò. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ọmọ tó ń rá nígbà tí wọ́n tì í ti ń sáré kiri nígbà tí wọ́n ṣí i.

Kò pẹ́ sí i, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun ní Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó kpayo yí padà ní etí títì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tà á sì rí i pé ohun tí wọ́n pè ní iṣẹ́ lè parẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, wọ́n tú owó nàìrà sílẹ̀, iye rẹ̀ já wálẹ̀. Ẹni tó ń tà fún ọmọ Nàìjíríà rí i pé oníbàárà rẹ̀ kò lè ra ìdajì ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kò sí èyí tí wọ́n bi Ìfọ̀nyìn léèrè kó tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dí ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó jẹ́ ti ìlú fúnra rẹ̀: lẹ́yìn ọdún 1984, ta ni wọ́n yàn pé kó máa rò ó wò pé, bí ilẹ̀kùn yìí bá tún tì, kí ni ìlú yóò jẹ? Wọn kò yan ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ti 2019 fi bá ìlú gẹ́gẹ́ bí àlejò òru, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ti wá rí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé. Ọrọọrún ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo iwájú kì í wò ó lẹ́ẹ̀kan kó lọ sùn.

Ohun tí orílẹ̀-èdè ti dá sílẹ̀

Ìmọ̀ràn fún ọjọ́ iwájú kì í ṣe ohun tuntun ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1989, àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣiṣẹ́ oṣù mélòó kan láìgba owó. Ọ̀ràn náà le débi pé ìjọba ní láti pe gbogbo ẹ̀ka àwùjọ jọ. Àpérò náà wáyé ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló sì darí rẹ̀. Ibẹ̀ ni òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 ti jáde.

Àwọn tó kọ òfin náà rántí ohun tó fa ìṣòro: àwọn díẹ̀ ló ń pinnu, kò sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé ọ̀nà yìí kò dára. Nítorí náà, nínú orí 139 dé 141 òfin ìpìlẹ̀ yẹn, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Conseil Économique et Social, Ìgbìmọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Ajé àti Ìgbé-Ayé Àwùjọ. Òfin náà sọ pé gbogbo àbá òfin ètò tó bá jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ajé àti àwùjọ gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ yìí fún ìmọ̀ràn. Ó ní ààrẹ lè bi í léèrè lórí ọ̀rọ̀ ajé, àṣà tàbí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó tún ní ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè ké sí ìjọba àti ilé aṣòfin, láìdúró de ẹni tí yóò pè é, bó bá rí ohun tó lè ṣe àwùjọ lóore tàbí tó lè pa á lára.

Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Agbára ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àìlera rẹ̀ wà. Kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á di ìwé tí eruku bò.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn àpérò, ní ọdún 2000, orílẹ̀-èdè tún ṣe ohun kan tó yẹ kí gbogbo Nàgó rántí. Wọ́n kọ ìwé kan tó wo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n iwájú. Ìwé náà sọ irú Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ní ọdún 2025: orílẹ̀-èdè tó ń tàn bí àtùpà, tí ìṣàkóso rẹ̀ dára, tó wà ní ìṣọ̀kan àti àlàáfíà, tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ gbèrú, tí àṣà rẹ̀ lókìkí, tí ara sì tu àwọn ènìyàn rẹ̀. Orúkọ wo ni wọ́n wá fún ìwé tí Faransé ni wọ́n fi kọ yìí? Bénin 2025 Alafia. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ayé, àlàáfíà ni wọ́n mú, ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ìlú yìí mọ̀ kó tó mọ ìwé. Ẹni tí a bá bi léèrè pé ṣé àlàáfíà ni, ó mọ̀ pé ara òun nìkan kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ọjà ńkọ́?

Ọdún 2025 ti dé, ó ti kọjá. Ìjọba ti ń wo iwájú dé ọdún 2060 báyìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ìwé Alafia jáde ti di àgbàlagbà, ó ti tó bímọ. Ẹ bi í léèrè bóyá ó gbọ́ nípa ìwé náà rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ọ rí, nítorí pé láti Kútọnu dé Ko-Koumolou, kò sí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ pé kó máa ka ìwé yìí fún àwọn ará ilé, kó máa béèrè lọ́dọọdún pé, ibo la dé?

Ẹ̀kọ́ láti ibi tó sún mọ́ ilé

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ni ètò ọjọ́ iwájú, kí àwọn tó kàwé lọ ṣe é kí wọ́n mú un wá. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ti ṣúgà ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ti sìmẹ́ńtì ní Onigbolo, ní ẹkùn Plateau yìí kan náà. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ Nàìjíríà bí odò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá wọn sílẹ̀. Ètò náà dára lórí ìwé: Nàìjíríà tóbi, ó ń kọ́lé, ó ń mu ṣúgà, yóò rà wọ́n tán.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àkókò yẹn gan-an ni iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ibodè sì tì. Ọjà tí wọ́n gbójú lé kò rí bí wọ́n ti rò. Gbèsè wọlé. Nígbẹ̀yìn, àwọn ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò aládàáni, lára wọn sì ni ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tó gba ti Ṣábẹ̀ẹ́.

Àwọn onímọ̀ tó ṣètò wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé gbogbo ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì gbé apẹ̀rẹ̀ náà sí ẹnu ibodè. Ìyá àgbà kan tó ń ná ọjà Ìdírókò ì bá ti sọ fún wọn pé ibodè kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́kàn lé tán pátápátá. Ìmọ̀ wà lórí ìwé, ìmọ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń rìn. Ìgbìmọ̀ tó dára ni èyí tó jókòó ti méjèèjì sórí ẹní kan.

Ẹ wo Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha gbé ìgbìmọ̀ ńlá kan kalẹ̀, Olóyè Ernest Shonekan sì ni alága rẹ̀. Wọ́n pè é ní Vision 2010. Ní ọdún 1997, wọ́n fi àbájáde iṣẹ́ wọn jíṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1998, Abacha kú. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ fi ọwọ́ kan ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ètò ọdún mẹ́tàlá kò pé ọdún méjì. Ètò tó bá so mọ́ ọrùn ẹnìkan, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ ni òun náà ń lọ.

Àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fà ní Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2013, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ni, tí wọ́n ń pè ní DAWN, ní Ìbàdàn, nínú Ilé Kòkó tí owó àgbẹ̀ kọ́ parí ní ọdún 1965. Gómìnà ti wá, gómìnà ti lọ, ẹgbẹ́ òṣèlú ti yí padà, ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ ṣe ètò ọgbọ̀n ọdún, láti 2022 dé 2052. Ohun tó wà níbẹ̀ láti kọ́ ni pé ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ kọ́, ẹnìkan kì í dá a wó.

Ilẹ̀ Faransé, tí àwọn ọmọ ìlú yìí ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan láti ibẹ̀, fi nǹkan kan hàn lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1946, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ètò sílẹ̀ lábẹ́ Jean Monnet. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì ní agbára láti pàṣẹ fún àwọn mínísítà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pe ọlọ́jà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àgbẹ̀ àti ọ̀gá ìjọba jókòó sídìí tábìlì kan, wọ́n ní kí wọ́n jọ sọ ohun tó kọ́kọ́ yẹ ní ṣíṣe: èédú, iná mànàmáná, irin, sìmẹ́ńtì, ẹ̀rọ oko, ọkọ̀ ojú irin. Nítorí pé àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà ló jọ sọ ọ́, ó rọrùn láti ṣe.

Irú ìgbìmọ̀ tó yẹ Ìfọ̀nyìn

Òfin ọdún 1999 tó gbé kọ́múnù kalẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ sọ pé kọ́múnù kọ̀ọ̀kan ni yóò ṣe ètò ìdàgbàsókè tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ kọ́múnù àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 2002 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, àwọn kọ́múnù ti ń ṣe ètò ọlọ́dún márùn-ún. Iṣẹ́ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún kéré. Ẹni tó bá gbin ọ̀pẹ lónìí, ó di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin kó tó rí ẹyìn, igi náà yóò sì máa so fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pobè wà nítòsí yìí, níbi tí wọ́n ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní ọdún 1922. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ti kú. Irúgbìn tí àgbẹ̀ ń gbìn lónìí wá láti inú iṣẹ́ ìran mẹ́ta, mẹ́rin. Bí ọ̀pẹ bá ní àwọn tó ń rò fún un láti ìran dé ìran, ọmọ ènìyàn ńkọ́?

Àbá tó wà níwájú àwọn olóyè àti àwọn aláṣẹ kọ́múnù lónìí ni pé kí Ìfọ̀nyìn dá ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti wo ogún ọdún iwájú. Kí ó má bàa di orúkọ lásán, ohun márùn-ún ló yẹ kí ó wà nínú ìwé tí yóò dá a sílẹ̀.

Èkíní, àwọn tí yóò jókòó. Kí ẹ̀ka 6 kọ̀ọ̀kan mú ènìyàn 3 wá: àgbẹ̀ kan, ọlọ́jà tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ kan, ọ̀dọ́ kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ènìyàn 18 nìyẹn. Kí wọ́n fi 3 kún un tó mọ ìṣirò, ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó di 21. Kí àwọn obìnrin má dín ní ìdajì, nítorí pé ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ gàrí àti epo ti ń kọjá. Kí Nàgó, Gùn àti Tọ̀rí rí ara wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń du ipò òṣèlú, kó fi àga náà sílẹ̀.

Èkejì, ọjọ́ tí wọn yóò lò. Kí sáà wọn má bá sáà olórí kọ́múnù parí pọ̀. Kí ìdá kan nínú mẹ́ta máa lọ, kí ìdá méjì máa dúró, kí ẹni tuntun lè bá ẹni tó mọ ìtàn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èsì. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ìgbìmọ̀ kọ́múnù tí ará ìlú dìbò yàn ló ní àṣẹ, kò sì gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ràn bá ti dé iwájú wọn, kí wọ́n dáhùn lórí ìwé láàárín oṣù méjì: a gbà á, a ó ṣe é lọ́jọ́ báyìí; tàbí a kò gbà á, ìdí rẹ̀ nìyí. Aláṣẹ tó bá kọ ìmọ̀ràn tó sì sọ ìdí rẹ̀ kò ṣẹ̀. Èyí tó dákẹ́ ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, owó. Kí ó má sí owó oṣù. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ ìpàdé tó. Ibi tí owó bá pọ̀ sí, àwọn tó ń wá owó ló ń lọ síbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, èdè. Kí wọ́n kọ ìmọ̀ràn náà ní Faransé fún ìjọba, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè tí ìyá àgbà lè gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ bá kà á fún un. Àwọn tó kọ́ ìwé kíkà ní Yorùbá àti ní Gùn wà nínú ìlú, iṣẹ́ wọn nìyí.

Kí ni ìgbìmọ̀ náà yóò kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò? Ibodè ni. Kí wọ́n jókòó bí ẹni pé wọ́n tún tì í lọ́la fún ọdún méjì: iṣẹ́ wo ló kù? Ẹyìn tí wọ́n ń tà ní tútù àti gàrí tí wọ́n ń gbé lọ nínú àpò, ṣé a kò lè sọ wọ́n di ọjà tí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu yóò máa rà? Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá tà lónìí láti ra ọ̀kadà, orí rẹ̀ ni ọmọ ì bá dúró sí lọ́la. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n mọ ibi tó kù fún oko, ibi tí a fi sílẹ̀ fún iléèwé, fún ọjà, fún ilé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta ni àwọn ọ̀dọ́ tó gbójú lé kpayo. Ó kéré tán, kí ẹnìkan jókòó tì wọ́n kó bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ kọ́. Kí ìgbìmọ̀ náà sì máa bá àwọn ará Ìdírókò àti Ìpókíá ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ìjọba méjì bá ń jà, àwọn ọmọ ìyá lè jọ sọ ohun tí ìjà náà ń nà wọ́n.

Èsì fún àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn kan yóò sọ pé ìgbìmọ̀ ti pọ̀ jù nílùú, kí ni a fẹ́ fi òmíràn ṣe? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìgbìmọ̀ kọ́múnù wà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wà, ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn òní ló ń gbé gbogbo wọn lọ́wọ́: afárá tó já, kànga tó gbẹ, àríyànjiyàn orí ọjà. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tí iná ń jó nílé rẹ̀ kò lè máa gbin igi. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a yọ àwọn kan sọ́tọ̀ tí wọn kò ní máa pa iná.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àṣà òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lóru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó gbé ère jáde sí àárín ọjà ń kọrin, ó ń sọ ohun tó dára nílùú àti ohun tí kò dára, ó ń bá olówó wí, ó ń bá olóyè wí, ó ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́. Kò sí ẹni tó ń bá a jà nítorí ohun tó kọ lórin lóru ọjọ́ náà. Ní ọdún 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ohun tí ayé yẹ́ sí níbẹ̀ ju igi gbígbẹ́ àti aṣọ lọ. Ìlú tó ní ẹni tó lè sọ òótọ́ fún un láìfòyà ti mọ ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kí òfin ìpìlẹ̀ tó dé.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ ni kó máa jíṣẹ́. Kí ìlù dákẹ́ díẹ̀. Kí wọ́n dìde níwájú ọba, níwájú aláṣẹ kọ́múnù, níwájú ọmọdé tó jókòó sílẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n dá lámọ̀ràn lọ́dún náà, èsì tí wọ́n gbà, àti ohun tó kù. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún bí irú èyí, kí ẹni tó bá wà ní Èkó, ní Libreville tàbí ní Paris lè kà á, kó mọ ibi tí òun lè ti fi ọwọ́ kún un. Lẹ́yìn náà, kí ìlù tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ ti pọ̀ nínú gbàgede yìí. Kí àwọn olóyè gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ààfin, kí àwọn aláṣẹ gbé e wọ ilé ìpàdé kọ́múnù, kí àwọn ọ̀dọ́ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n wá síbí lónìí yóò pé ogún ọdún lọ́jọ́ kan. Bó bá béèrè pé, nígbà tí ẹ jókòó sí gbàgede lọ́jọ́ náà, kí lẹ rò fún mi, kí ó rí ìwé kan tó ní ìdáhùn.

Ẹ kú ọdún. Ọdún á yí ire. Àlàáfíà á jẹ́ ti gbogbo ilé. Àṣẹ.